Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Pamọ́ fún Màmá Àgbà

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ológun tún gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ṣọ́jà ní gbogbo ibùdókọ̀, láti Ọ̀jọ́ọ̀ títí dé Dùgbẹ̀, tí wọ́n ń tò wá sórí ìlà bí ọmọ iléèwé, kòbókò lọ́wọ́ wọn. Inú àwọn kan dùn, wọ́n ní ìlú yóò tòrò báyìí. Àwọn mìíràn ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ní ilé tiwa ní Agbowó, màmá àgbà rí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ṣọ́jà ti pọ̀ nígboro tó báyìí, kò lè ṣe kí ẹnì kan nínú wọn má mọ ibi tí ọmọ àwọn wà.

Ọmọ tí wọ́n ń wí ni bàbá mi. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ń ṣe n'Íbàdàn nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ forúkọ sílẹ̀ láti di ṣọ́jà. Oyún mi kò ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà náà. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló dé láti ojú ogun. Nínú èyí tó kẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ pé ìròyìn ìbí mi ti dé etígbọ̀ọ́ àwọn, kí màámi má jẹ̀ẹ́ kí òtútù mú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó wọn mọ́. Ogun parí, àwọn tó máa bọ̀ bọ̀. Ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun pé àwọn ṣì ń wá wọn, àwọn kò tíì rí wọn. Ìwé náà kò sọ pé wọ́n kú, kò sì sọ pé wọ́n wà láàyè. Òun ni màmá àgbà dì mú fún ọdún mẹ́rìnlá.

Ọmọ márùn-ún ni màmá àgbà bí ní Ṣakí. Mẹ́rin kú ní kékeré, bàbá mi nìkan ló dàgbà. Nígbà tí ogun parí tí ọmọ wọn ò dé, wọ́n di ẹrù, wọ́n wá bá màámi n'Íbàdàn. Wọ́n ní ibi tí èèyàn bá ti gbéra lọ sógun ló máa ń kọ́kọ́ padà sí. Wọ́n ṣe bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn máa lò. Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí.

Iṣẹ́ ìfọṣọ ni màámi ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń lọ̀, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, lórí ìdúró. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí omi náà á fi tutù. Èmi àti màmá àgbà mọ̀ pé a kì í bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń rẹ̀ wọ́n. Wọn ò ṣe opó, torí kò sẹ́ni tó sọ pé ọkọ wọn kú. Wọn ò sì lè fẹ́ ọkọ mìíràn, torí ìyá ọkọ ń bẹ nínú ilé tó ń retí ọmọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n nígbà tí bàbá mi lọ. Wọ́n ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Bó ṣe di pé lójoojúmọ́ tí mo bá ti iléèwé dé, màmá àgbà á ti wọ bàtà nìyẹn. "Ọmọ mi, jẹun kíá ká lọ." Èmi ni mo máa ń di ọwọ́ wọn mú sọdá títì. Tí a bá dé ibi tí àwọn ṣọ́jà wà, màmá àgbà á tún gèlè wọn wé dáadáa, wọ́n á kí àwọn ṣọ́jà náà bí ẹni tó ń kí àlejò pàtàkì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń béèrè ṣọ́jà kan ni."

Wọ́n á pe orúkọ bàbá mi ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Wọ́n á ní ọmọ Ṣakí ni, ó ga díẹ̀, ó ní àpá lókè ojú òsì níbi tí ewúrẹ́ ti kàn án ní kékeré. Àwọn ṣọ́jà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ò gbọ́ Yorùbá rárá, Haúsá ni wọ́n á fi dáhùn. Èyí tó máa ń tì mí lójú jù ni àwọn tí a jọ ń lọ iléèwé, tí wọ́n bá tò sórí ìlà tí wọ́n ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kejì bóyá orí màmá wa ti yí. Ó ń rẹ̀ mí, mo sì ń bínú, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Lọ́jọ́ kan, a bá sájẹ́ǹtì àgbà kan pàdé, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló sọ sí wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ màmá àgbà tán láìjá lù wọ́n. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, èmi náà ja ogun yẹn. Mi ò mọ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ jà á ṣì wà nílùú yìí. N ó bá yín béèrè. Ibo lẹ̀ ń gbé?"

Màmá àgbà júwe ilé fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a ṣe ń padà lọ, wọ́n ń kọrin ìsìn lẹ́nu, wọ́n ń rìn níwájú mi bí ọmọdé.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin kan wá. Màmá àgbà ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa. Màámi ń fọ yúnífọ́ọ̀mù mi lẹ́yìnkùlé, èmi ń ṣan abọ́. Ọkùnrin náà ń tiro, ó tó ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró bàtà.

"Ẹ ǹ lẹ́ o. Ṣé ibí ni ilé màmá ará Ṣakí tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ṣọ́jà?"

Màámi ní, "Ibí ni. Ṣùgbọ́n wọn ò sí nílé."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó ọmọ náà?"

"Èmi ni."

"Sájẹ́ǹtì kan ló rán mi sí yín. Ó ti kú, ìyá. Ojú mi ló ṣe. Ọdún kejì ogun ni."

Yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ màámi ni wọ́n ń fún. Wọ́n fún un, wọ́n fún un, títí kò fi sí ẹ̀kán omi kan tó tún lè já bọ́ nínú rẹ̀.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Èmi wà lára àwọn tó sin ín."

"Àìsàn ni àbí ìbọn?"

"Ìbọn ni. Ikùn ló ti bà á."

Màámi sá aṣọ náà sórí okùn, wọ́n tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Wọ́n wá bi ọkùnrin náà ibi tó ń gbé. Ó ní òun ń rán bàtà ní Dùgbẹ̀, nítòsí ibùdó reluwé, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí.

Màámi ní, "Ọdún mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni láti Dùgbẹ̀ dé ibí."

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ọkùnrin náà dorí kodò. "Lóòótọ́ ni, ìyá." Kò jókòó, kò sì gba oúnjẹ. Nígbà tó lọ tán, màámi yíjú sí mi.

"O ò gbọ́ nǹkan kan."

"Màámi, ṣé a ò ní sọ fún màmá ni?"

"Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn màmá ní kí nǹkan kan má já wọn láyà. O wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á kú, èmi ni àwọn ará Ṣakí máa ní mo pa wọ́n." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ọṣẹ nù. "Jẹ́ kí wọ́n máa retí. Ìrètí ò tíì pa wọ́n láti ọjọ́ yìí."

Mi ò rí màámi kí wọ́n sunkún. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí. Wọn kì í dúró kí omi ẹsẹ̀ wọn tutù mọ́ kí wọ́n tó dìde lórí àpótí. Ìdákẹ́jẹ́ náà ti di ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi mú màmá àgbà káàkiri lẹ́yìn ìyẹn. Mo mọ̀ pé bàbá mi ti kú, mo sì ń di ọwọ́ ìyá wọn mú lọ bi àwọn ọmọdé ṣọ́jà tí wọ́n ṣì wà ní kékeré nígbà ogun náà bóyá wọ́n rí wọn. Wọ́n á bi èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin. A ó padà wálé. Wọ́n á ní ó dára, ọ̀la ṣì ń bẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní iléèwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ pé orí ń fọ́ mi. Tí mo bá parọ́ bẹ́ẹ̀, màmá àgbà á se àgbo fún mi, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa fi ọwọ́ tútù kan iwájú orí mi, n ó sì wá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ láàárọ̀, ibùdókọ̀ Agbowó kún fún ẹrẹ̀. Ṣọ́jà kan tí mi ò rí rí ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin, ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá àgbà bọ́ síwájú ìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Ṣọ́jà náà rò pé wọ́n fẹ́ yọ ìlà sílẹ̀ ni. Ó jágbe mọ́ wọn ní Píjìn. Màmá àgbà ò gbọ́ Píjìn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó fi igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì wọ́n léjìká. Gèlè wọn já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó nawọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n kúnlẹ̀.

Àwọn èèyàn tó wà lórí ìlà ní háà, ìyá arúgbó ni o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kúrò lójú ìlà. Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan tilẹ̀, eékún kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Irun wọn funfun gbòò ní gbangba. Wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ṣì ń béèrè. "Ọmọ Ṣakí ni. Ó ga díẹ̀."

Mo kígbe. Mo ní, "Màmá, ẹ má bi wọ́n mọ́! Wọ́n ti kú! Bàbá mi ti kú!"

Ṣọ́jà náà sún sẹ́yìn. Mo fa màmá àgbà dìde, mo nu orúnkún wọn, mo gbé gèlè wọn. Wọ́n jẹ́ kí n mú àwọn jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ jagun. Ó wá sílé."

"Ìyá rẹ mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, mà."

Wọ́n wo ẹrẹ̀ tó wà lára ìró wọn. Mo ń wo àyà wọn, mò ń dúró kí ohun tí dókítà sọ ṣẹlẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n wé gèlè náà padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀, wọ́n dìde. "Mú mi lọ bá ọkùnrin náà."

A tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. A wọ bọ́ọ̀sì Dùgbẹ̀. Títí tí a fi kọjá Mọ́kọ́lá, wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àánú wọn ló mú mi sọ ọ́, àbí ìtìjú.

Ọkùnrin náà ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan nígbà tí a dé abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó dá mi mọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí màmá àgbà. Ó rọra gbé òòlù sílẹ̀.

Màmá àgbà wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Mo mọ ojú yìí."

Ó gbé bàtà náà kúrò lórí itan rẹ̀.

"Kété tí ogun parí ni, ní Ṣakí. Mò ń sá èlùbọ́. Mo rí ṣọ́jà lókèèrè, mo ṣe bí ọmọ mi ni, mo sáré pàdé rẹ̀. Ìwọ ni. Mo gbé omi fún ọ. Mo ní ṣé o mọ ọmọ mi, o ní o ò mọ̀ ọ́n, pé ọ̀nà lo ṣì."

"Èmi ni, Màmá." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ká dáadáa.

"Dìde. Mi ò wá gba ìdọ̀bálẹ̀. Jókòó, kí o sọ fún mi."

Ó jókòó. Èmi náà gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí kò sọ gbogbo rẹ̀ fún màámi. Ó ní ọ̀rẹ́ ni òun àti bàbá mi, pé inú ihò kan náà ni àwọn ń sùn. Ó ní ìbọn ba bàbá mi níkùn lọ́wọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí iléèwé kan tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ síwájú kò dé. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú kíláàsì.

"Ó ń béèrè omi, Màmá. Láti àárọ̀ ló ti ń béèrè. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí ìbọn bá bà níkùn ò gbọdọ̀ mu omi, omi ló máa pa á. Ó ń wò mí ṣáá. Nígbà tó dọ̀sán, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo bu omi sínú kọ́ọ̀bù mi, mo fún un. Ó mu ún tán. Ó ní o ṣeun. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló dákẹ́."

Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, òróró bàtà ń ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá sí Ṣakí. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó lanu, ẹ ti gbé omi fún mi. Màmá, báwo ni mo ṣe máa mu omi ọwọ́ yín tán, kí n wá sọ pé omi ni mo fi pa ọmọ yín? Mo sá lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sá."

Obìnrin tó ni bàtà dé, ó rí bí ojú wa ṣe rí, ó tún padà lọ.

Màmá àgbà ní, "Ṣé omi náà tutù?"

"Mà?"

"Omi tí o fún un. Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, Màmá. Omi òjò ni."

"O ṣeun."

"Màmá, ẹ gbọ́..."

"Mo ní o ṣeun. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó dọ̀sán kí n tó fún un."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Màmá àgbà ò sunkún. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, wọ́n ń wo àwọn èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Dùgbẹ̀, títí ó fi sunkún tán. Wọ́n béèrè ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí. Ó ní ẹ̀yìn iléèwé náà ni, lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè pe orúkọ ìlú náà dáadáa. Wọ́n mi orí.

Kí màámi tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá àgbà ti gbé omi kaná fúnra wọn. Wọ́n gbé e síwájú àpótí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí màámi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tán.

"Ìyàwó, mo ti gbọ́."

Màámi gbójú sókè, èmi ni wọ́n wò.

"Má wò ó. Kò ṣe ohun tó burú. Mo ti rí ọkùnrin náà." Màmá àgbà ń bomi sí màámi lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ìwọ nìkan lo gbé e."

"Mo bẹ̀rù pé ẹ máa kú, Màmá."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń bẹ̀rù. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá wà láàyè máa ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé lọ́jọ́ tí mo bá ní ọmọ mi kú, o máa di ẹrù rẹ, o máa fẹ́ ẹlòmíràn, èmi nìkan á wá ṣẹ́kù. Mo fi ìwé àwọn ológun yẹn so ọ́ mọ́lẹ̀. Má bínú sí mi."

Mo wọ inú ilé lọ, torí mi ò ti gbọ́ kí màmá àgbà bẹ ẹnikẹ́ni rí. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ ẹkún àwọn méjèèjì. Kò lágbára. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹkún àwọn tó ti rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìròyìn dé Ṣakí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò bàbá àgbà mi wá pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé méjì. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá náà gbé ọ̀rọ̀ opó kalẹ̀. Wọ́n ní ohun tí kò bá ìgbà mu ṣì gbọ́dọ̀ bá àṣà mu. Kí ìyàwó wọ dúdú, kó jókòó sílé fún ogójì ọjọ́, lẹ́yìn náà ìdílé á tú u sílẹ̀.

Màámi ti ibi iṣẹ́ dé kò tíì ju wákàtí kan lọ. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, wọn ò lè fún mi ní ogójì ọjọ́ níbi iṣẹ́." Wọ́n fọwọ́ ra ìbàdí wọn. "Ó sì ti rẹ̀ mí, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá àgbà gbọ́wọ́ sókè.

"Ó ti ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe opó. Èmi ni mo jókòó tì í, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹlẹ́rìí, èmi rèé."

Bàbá náà wo ilẹ̀. Wọ́n ní ó dára, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí màmá àgbà náà wá di ẹrù wọn ká máa lọ sílé, torí okùn tó so wọ́n mọ́ ilé yìí ti já.

Màmá àgbà ní, "Ọmọ mi ló kú. Ta ló sọ fún ọ pé ìyàwó mi kú?"

Wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ìjà. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, màámi sùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà méjì ni mo lọ wò wọ́n bóyá wọ́n ń mí. Màmá àgbà ní kí n jáwọ́, kí n jẹ́ kí obìnrin náà sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ màámi lẹ́nu pé kí wọ́n lọ́kọ. Bí wọ́n bá rí ọkùnrin tó dá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ìgúnpá gún màámi. Màámi á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sinmi ná." Mo rò pé àwàdà ni. Ọdún ń gorí ọdún, wọn ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí mo dàgbà ni mo bi wọ́n. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ò fẹ́, pé ìgbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, ẹsẹ̀ tí àwọn máa fi jáde ti wúwo.

Ní ti èmi, ọdún kejì rẹ̀ tí a fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ bàbá. Iṣẹ́ bàbá. Ṣé wọ́n wà láàyè? Mo mú gègé, mo kọ ọ́ pé wọ́n ti kú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo jókòó níwájú rẹ̀ nínú kíláàsì, gbogbo wọn ń kọ tiwọn lọ. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé èmi náà ní bàbá tó mu omi tó tutù nínú kíláàsì bí irú èyí, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un. Ẹkún tó yẹ kí n sun fún wọn dé. Mo gbórí lé tábìlì. Olùkọ́ rò pé mo ń sùn, ó ní kí n jí.

Ọdún mẹ́ta ni màmá àgbà tún lò láyé. Wọn ò bi ṣọ́jà kankan léèrè mọ́. Ọkùnrin oníbàtà náà máa ń wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á bá a wí pé ó ti rù, wọ́n á fún un lóúnjẹ. Nígbà tí ara màmá àgbà ò gbé e mọ́, màámi á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á wẹ̀ wọ́n, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n sùn sí, wọ́n á fọ̀ ọ́, lẹ́yìn gbogbo aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ látàárọ̀. Mi ò gbọ́ kí wọ́n kùn lọ́jọ́ kan. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni màmá àgbà dákẹ́, a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

A gbé wọn lọ sí Ṣakí. Ọkùnrin oníbàtà náà tẹ̀lé wa, ó wà lára àwọn tó gbé wọn sínú ilẹ̀. Àwọn ará ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ màámi gidigidi, wọ́n ní ó ṣe ju ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti màámi wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn. A ò tíì dé Ìsẹ́yìn tí oorun fi gbé wọn lọ. Orí wọn wà lórí èjìká mi, ẹnu wọn là díẹ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì tí ooru áyọ́ọ̀nù ti bó wà lórí itan wọn. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, apá mi ń ro mí. A kọjá Ọ̀yọ́, a kọjá Fìdítì, a dé Mọ́níyà. Mi ò gbé èjìká mi kúrò.